Obì, Dàbínù àti Àwo Ìsọmọlórúkọ Wa

 Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ẹ̀mí wa sí tí a tún fojú rí Rọmọdáànì. 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn ní Mowé, ní Ìbàfò, ní Ifọ̀ àti ní gbogbo agbègbè wa, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dáná ìṣínu lọ́wọ́ tí ẹ sì ń gbọ́ wa, ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ jókòó ti àwọn bàbá yín, ẹ fetí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí obì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Obì kékeré yìí ti da ilé rú, ó sì ti so ilé pọ̀ rí. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ní àìpẹ́ yìí, wọ́n pè wá síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mowé. Ìyá bàbá ọmọ ti Ifọ̀ wá, arúgbó ni. Ó gbé àwo kan dání tó fi aṣọ funfun bò. Obì gbànja wà nínú àwo náà, oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, omi sì wà nínú ife. Kí á tó la ẹnu ṣe àdúrà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé kéwú dé, dìde fùú. Ó ní ẹbọ ni. Ó fa àwo náà kúrò níwájú wa, obì sì fọ́n ká sílẹ̀. Ìyá àgbà ò fọhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa obì rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún.

Àwọn kan ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà káre. Àwọn kan bú u. Ni gbogbo wọn bá yíjú sí wa pé, "Áfáà, kí lẹ wí?" Ìdáhùn tí a fún wọn lọ́jọ́ náà kúrú, nítorí oòrùn ti ń mú, ọmọ sì ń ké. Tòní ló máa gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú Al-Kùránì. Ọlọ́hun dá èso fún jíjẹ, Ó sì tún fi èso kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Nínú Súrà Al-An'ām, Ó ka dàbínù, èso àjàrà, ólífì àti rùmáánù fún wa, Ó ní kí á wo èso wọn bó ṣe ń so àti bó ṣe ń pọ́n, nítorí àmì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá gbàgbọ́. Ó fi igi ọ̀pọ̀tọ́ àti ólífì búra nínú Súrà At-Tīn. Nínú Súrà Ibrāhīm, Ó fi ọ̀rọ̀ rere wé igi rere tí gbòǹgbò rẹ̀ rinlẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà lókè, tó sì ń so ní gbogbo ìgbà pẹ̀lú àṣẹ Olúwa rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kí Mùsùlùmí má fi èso ṣe àpẹẹrẹ ohun rere, onítọ̀hún kò tíì ka àyè wọ̀nyí dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ènìyàn a máa fi ti ara rẹ̀ kún ti Ọlọ́hun. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ànábì Ādam. Al-Kùránì sọ fún wa pé Ọlọ́hun ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ má sún mọ́ igi kan báyìí. Kò dárúkọ igi náà fún wa. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ló wá ń ya ápù sí ọwọ́ Hawā'u, tí gbogbo ayé fi gbà pé ápù ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé ní èdè Látìnì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ápù àti èyí tí wọ́n fi ń pe ibi jọra wọn, malum ni méjèèjì. Ẹ ò rí nǹkan? Ìjọra ọ̀rọ̀ lásán ló ti èso tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni sínú ẹ̀sùn.

Rùmáánù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Sípéènì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Granada. Rùmáánù ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè wọn. Àwọn Mùsùlùmí ló jọba níbẹ̀ títí di ọdún 1492, ààfin wọn tó ń jẹ́ Alhambra ṣì wà níbẹ̀ tí ayé ń lọ wò. Nígbà tí àwọn ọba Kristẹni gba ìlú náà, wọ́n fi àwòrán rùmáánù sí ara àmì ìjọba wọn. Ó wà lára àmì ilẹ̀ Sípéènì títí di òní. Èso kan náà ni o: ọ̀kan ń kà á nínú Al-Kùránì gẹ́gẹ́ bí èso Alùjánnà, èkejì ń fi í ṣe àmì ìṣẹ́gun. Èso ò yí padà, ọkàn ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló yàtọ̀.

Dàbínù ńkọ́? Èyí ni gbogbo wa mọ̀ jù nínú oṣù yìí. Ànábì a máa fi dàbínù tútù ṣínu, bí kò bá sí, a fi èyí tó gbẹ, bí kò bá sí, a mu omi. Nígbà tí ìrọbí mú Maryam, ìyá Ànábì Īsā, abẹ́ igi dàbínù ló wà, Ọlọ́hun sì ní kí ó mi igi náà kí èso rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí Asmā'u ọmọ Abū Bakr bí Abdullāh ọmọ Zubayr, ọmọ àkọ́kọ́ tí àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́kà bí ní Mọ̀dínà, ó gbé e wá fún Ànábì. Ànábì jẹ dàbínù lẹ́nu kúnná, ó fi tọ́ ọmọ náà lẹ́nu, ó sì ṣe àdúrà fún un. Nítorí náà, fífi ohun dídùn tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ó wá ku ilé tiwa. Àwọn baba ńlá wa máa ń gbọ́ àdúrà nínú orúkọ nǹkan. Wọ́n ní obì ló ń bi ikú, tó ń bi àrùn. Wọ́n ní orógbó ló ní kí ọmọ gbó, kí ó tọ́. Ataare kún fún ọmọ nínú, oyin dùn, omi ò ní ọ̀tá. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ò lè rí ohun tí wọ́n rí, nítorí inú èdè ni àmì náà wà.

Wọ́n sì ka obì sí ohun ọlá. Àlejò kì í wọlé kí á má fi obì lọ̀ ọ́. Ní ilẹ̀ Èkìtì, àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ àwo obì fún ààfin àti ilé àwọn ìjòyè: obìnrin tó kúnlẹ̀, tó gbé àwo dání, àwo náà a sì máa dà bí àkùkọ nígbà mìíràn. Olúmẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ìyẹn ẹni tó mọ ẹ̀yẹ. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní ọdún 1938, wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù. Òun náà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, tó sì wà ní ilé ìṣúra British Museum. Àwa Mùsùlùmí kì í gbẹ́ ère, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbẹ́ ẹ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ìkúnlẹ̀ obìnrin yẹn kì í ṣe ti òrìṣà ní gbogbo ìgbà. Àlejò ni wọ́n ń fi í yẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n obì kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Obì àbàtà wà, èyí tó ní awẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni obì àtayébáyé ilẹ̀ wa. Òun náà sì ni àwọn abọ̀rìṣà fi ń bọ, tí wọ́n ń dà á sílẹ̀ láti bèèrè ọ̀rọ̀. Gbànja wà, tó ní awẹ́ méjì péré. Òun kọ́ ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà. Ọ̀nà òwò ló gbà wá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ló sì ti wá.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Orúkọ ilẹ̀ kan ni gbànja, ìyẹn Gonja, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà òde òní. Obì náà kì í hù ní Gonja fúnra rẹ̀ o. Inú igbó Àṣáńtì ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọjà Sàlágà, tó wà ní Gonja, ni àwọn oníṣòwò Háúsá ti ń rà á, ni wọ́n bá fi orúkọ ilẹ̀ náà pe ọjà títà. Kí wọ́n tó débẹ̀, àwọn Wáńgárà, àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò láti ilẹ̀ Málì, ti ń kó wúrà àti obì káàkiri. Ìwé Ìtàn Kánò sọ pé láyé ọba Yájì, tó jọba láàárín 1349 sí 1385, àwọn Wáńgárà ló mú ẹ̀sìn Ìsìláàmù wá sí Kánò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láti ara Málì yìí ni Yorùbá ti mú orúkọ tó ń pè wá, ìmàle. Ìwé kan náà sọ pé Ọba Núpé fi ẹgbàárùn-ún obì, ìyẹn 10,000, ṣe ìṣákọ́lẹ̀ fún Àmínà, ayaba Sásáù. Ẹ wo bí obì ti níyì tó, tí ọba fi ń fi í san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọba.

Kí ló mú kí àwọn Mùsùlùmí fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọtí ni Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀ fún wa. Obì kì í pa ènìyàn, kì í da orí ẹni rú. Ohun tó wà nínú kọfí ló wà nínú rẹ̀, tó ń lé oorun lọ. Ẹni tó ń rìn nínú aṣálẹ̀ ń jẹ ẹ́ kí ebi àti òùngbẹ má tètè mú un. Akẹ́kọ̀ọ́ kéwú ń jẹ ẹ́ láti fi kàwé lóru. Níbi nìkáà, obì ni wọ́n ń pín kí gbogbo ènìyàn lè jẹ́rìí. Àwọn òyìnbó náà rí adùn rẹ̀: nígbà tí John Pemberton ṣe ohun mímu rẹ̀ ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1886, ara obì ni wọ́n ti mú ìdajì orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Coca-Cola tí ẹ ń gbé ka tábìlì níbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹnikẹ́ni ò pè ní ẹbọ, orúkọ obì ló ń jẹ́!

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Mohammed Shitta Bey, Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ Mùsùlùmí Èkó nígbà náà. Obì wà lára ọjà tó ń tà. Nínú owó òwò rẹ̀ ló ti kọ́ mọ́sálásí tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọjọ́ 4, oṣù keje, ọdún 1894, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì ló fún un ní oyè Bey náà. Láàárín 1880 sí 1920 ni àwọn àgbẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí gbin gbànja fúnra wọn, dípò kí wọ́n máa dúró de èyí tó ń ti òkun wá. Babatunde Agiri, onímọ̀ ìtàn, ti kọ̀wé lórí rẹ̀. Àwọn ibi tó sì tọ́ka sí ni Òwódé Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, Ọ̀tà àti Ìwó. Òwódé Ẹ̀gbá yẹn, ilẹ̀ tiwa ni, inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ni Mowé àti Ìbàfò wà. Ọ̀tà sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifọ̀.

Rélùwéè ló wá ṣe é ní àṣepé. Ó ti Èkó gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Kánò ní ọdún 1911. Obì tó ń lo oṣù mélòó kan lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá ń dé òkè ọya ní ìwọ̀nba ọjọ́. Alhaji Alhassan Dantata ti Kánò, tó kú ní ọdún 1955, tó di ọlọ́rọ̀ ńlá, òwò obì wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó: ọkọ̀ ojú omi ló fi ń kó o láti Àkúrá wá sí Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e lọ sí Kánò. Àwọn bàbá wa ń bó obì nínú èèpo, wọ́n ń rẹ ẹ́ kí awọ funfun rẹ̀ bọ́, wọ́n ń to ewé sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń di í. Àwọn Háúsá ń rà á. Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1916, òwò obì àti ti màlúù ló gbé e ró. Sábó Ṣàgámù náà, ọjà obì ni.

Òwò yìí jẹ́ kí Yorùbá àti Háúsá máa kírun nínú sààfù kan náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù lórí ọ̀rọ̀ orò, ẹ̀mí ṣòfò, ọjà bàjẹ́. Àwọn tó ti jọ ń pín obì jẹ láti ìgbà baba wọn ló ń sá fún ara wọn. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Nǹkan tó ń ba àjọgbé jẹ́, inú ilé ló ti ń wá.

Ó yá, kí wá ni ìdájọ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ tiyín.

Èkíní, dída obì láti mọ ohun tí ń bọ̀, èèwọ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan ń fi ọfà wo nǹkan níwájú òrìṣà wọn, Ọlọ́hun sì kọ̀ ọ́ fún wa nínú Súrà Al-Mā'idah. Nígbà tí Ànábì ṣẹ́gun Mẹ́kà ní ọdún 630, ó bá àwòrán Ànábì Ibrāhīm àti Ismā'īl nínú Kábà, wọ́n ya ọfà àyẹ̀wò sí wọn lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n kó o kúrò, ó ní àwọn méjèèjì kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹni tó ń da obì àti ẹni tó ń fa ọfà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Obì tí wọ́n bá sì ti fi bọ òrìṣà, kí Mùsùlùmí má fọwọ́ kàn án.

Èkejì, ẹni tó bá rò pé obì fúnra rẹ̀ ló ń lé ikú lọ, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti ní àbààwọ́n. Obì ò lè bi kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ nínú, ikú wo ló fẹ́ bì? Ọlọ́hun nìkan ló ń gba ẹni. Kí ẹ̀yin ìyá wa má sọ fún ọmọ pé nítorí pé kò jẹ orógbó ni kò ṣe ní gbó.

Ẹ̀kẹta, obì tí a fi yẹ́ àlejò sí, tí a pín jẹ, tí a fi dá ìpàdé àdúrà sílẹ̀, tí a sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni àdúrà ń lọ, oúnjẹ ni. Ohun tí Ọlọ́hun dá, ẹ̀tọ́ ni títí ẹ̀rí yóò fi dé pé èèwọ̀ ni. Gbànja rí bẹ́ẹ̀, àbàtà náà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n níbi ìsọmọlórúkọ, súná ló yẹ kó ṣáájú: ẹ pa ẹran àkíkà ní ọjọ́ keje, ẹ sọ ọmọ ní orúkọ rere, ẹ fi dàbínù tàbí ohun dídùn tọ́ ọ lẹ́nu. Obì lè tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àlejò ṣe ń jẹ ẹ́. Kó má gba ipò súná, kí á má sì torí rẹ̀ já okùn ìbátan, nítorí jíjá okùn ìbátan, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta obì, ẹ gbọ́ tiyín kún un. Lójú àwọn onímọ̀ Málíkì, tí a ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ wa, sàká kò sí lórí èso obì lóko bí ó ti wà lórí ọkà àti dàbínù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rà á tí ẹ ń tà á, ọjà ni, ẹ ṣírò rẹ̀ bí ọdún bá yípo, kí ẹ yọ ìdá kan nínú ogójì bí ó bá pé ìwọ̀n. Kí ẹ sì má fi oògùn apakòkòrò sára ohun tí ọmọ ẹlòmíràn máa fi sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Mowé. Ìdáhùn kúkúrú tí a fún wọn lọ́jọ́ náà ni pé kí wọ́n gbé àwo náà padà wá. A fi dàbínù tọ́ ọmọ lẹ́nu, a sọ ọ́ ní orúkọ, a ṣe àdúrà sí Ọlọ́hun nìkan. Lẹ́yìn náà ni a mú obì ìyá náà, a pín in fún àwọn àlejò, àwa náà sì jẹ nínú rẹ̀. A wá bi ìyá náà níbi tó ti rí obì. Ó ní láti ara igi tí ọkọ òun gbìn ni. Ó ní owó gbànja náà ni ọkọ òun fi lọ sí Mẹ́kà, òun náà ni àwọn fi rán àwọn ọmọ níwèé. Ó wá yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó fọ́n obì ká, ó ní, "Òun náà ni mo fi san owó kéwú tìẹ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò lè gbójú sókè. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣa èyí tó yí lọ sábẹ́ àga. A ò bú u. Ìtara tó ní fún ẹ̀sìn dára, ìmọ̀ ló kù tí kò tíì bá a. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa ní ilé la tún ń wò ká tó pe nǹkan ní ẹbọ.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa àti ìrun wa. Kí Ó fi ìmọ̀ kún ìtara àwọn ọmọ wa, kí Ó fi àánú sí ọkàn àwọn olùkọ́ wọn. Kí Ó forí jin àwọn baba wa tó gbin igi tí àwa ń jẹ èso rẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà fi èyí tó dára sílẹ̀. Kí Ó jẹ́ kí á ṣe ọ̀pọ̀ Rọmọdáànì nínú àlàáfíà. Āmīn.